Ọpọ́n ayò, lúdò onígíláàsì àti Whot: èwo ló yẹ ká rà sílé fún tọkọtaya àtọmọ?

Láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ilé tí bàbá, ìyá àtọmọ ti ń rí ara wọn lójoojúmọ́ kò pọ̀ mọ́. Bàbá lè máa ṣiṣẹ́ ní Lọ́kọ́ja tàbí Àbújá, kó jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń wálé. Ẹlòmíì ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ọbájánà. Bó bá dé, oorun ló kàn. Ìyá ti wà lọ́jà látàárọ̀. Ìgbà tí gbogbo wọn bá wá pàdé nílé tán, kálukú á tẹrí sórí fóònù. Tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe oògùn rẹ̀: NEPA lè mú iná lọ nígbà tó bá wù wọ́n, bí iná bá sì wà, ara ògiri ni gbogbo ojú ń wò.

Ohun mẹ́ta tó ń mú kí ènìyàn kojú síra, tí kò béèrè iná, ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Ọjà ni a ti ń rí Whot àti lúdò kékeré. Lúdò ńlá àti ọpọ́n ayò, a lè rà á lọ́jà, a sì lè gbé e fún gbẹ́nàgbẹ́nà tàbí agbẹ́gilére. Whot ló pọ́ọ́kú jù. Ní ti méjì tó kù, iṣẹ́ ọwọ́ àti irú igi ló ń sọ iye wọn, nítorí náà ẹ mọ ohun tí ẹ ó yẹ̀ wò kí ẹ tó ná an.

Ayò ni mo máa ní kí tọkọtaya kọ́kọ́ rà. Ènìyàn méjì péré ló ń ta á, kò sí ẹnì kẹta tí ẹnikẹ́ni máa gbè lẹ́yìn. Kò sí dáìsì níbẹ̀, kò sí káàdì tí a dì mọ́wọ́; ohun tí ọkọ ń rí náà ni ìyàwó ń rí. Ilé méjìlá, ìyẹn ihò tí a ń kó ọmọ ayò sí, ló wà lójú ọpọ́n, mẹ́fà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ 48. Ẹni tó kàn á kó gbogbo ọmọ inú ilé kan ní ìhà tirẹ̀, á máa fi wọ́n sílé lọ́kọ̀ọ̀kan lọ sápá ọ̀tún, á sì yí bọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹnì kejì. Bí ọmọ tó gbẹ̀yìn bá bọ́ sílé ẹnì kejì, tó sọ ibẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ ẹ́. Bí ilé tó ṣáájú rẹ̀ ní ìhà yẹn náà bá di méjì tàbí mẹ́ta, á jẹ ìyẹn mọ́ ọn, á máa padà sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ títí á fi kan ilé tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo èyí. Ilé yín kẹrin ní ọmọ márùn-ún, ẹ sì kó o. Ọ̀kan bọ́ sí ìkarùn-ún, ọ̀kan sí ìkẹfà, mẹ́ta tó kù sì bọ́ sí ilé kìíní, ìkejì àti ìkẹta ní ọ̀dọ̀ ẹnì kejì. Ká ní mẹ́rin ló wà nínú ìkíní rẹ̀ tẹ́lẹ̀, méjì nínú ìkejì, ẹyọ kan nínú ìkẹta. Ìkẹta di méjì, ẹ jẹ ẹ́. Ìkejì di mẹ́ta, ẹ jẹ ẹ́. Ìkíní di márùn-ún, ibẹ̀ lọwọ́ yín dúró. Ọmọ márùn-ún wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ 25 ti borí, torí ó ti kọjá ìdajì.

Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni odù, ìyẹn ilé tó ti kó ọmọ méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ jọ. Bí wọ́n bá ta á, á yí ọpọ́n po, á tún padà kan ilé tí wọ́n ti kó o. Ńṣe ni kí ẹ fo ilé yẹn, kó ṣófo. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kì í fò ó; á ju ẹyọ kan sí i, ọmọ tó gbẹ̀yìn á fi ilé kan dín, òun á ní òun jẹ, ẹnì kejì á ní òjóró ni. Ohun kejì tó yẹ kí ẹ fẹnu kò sí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà tí ilé ẹnì kan bá ṣófo pátápátá: ó di dandan kí ẹnì kejì ta ọmọ ránṣẹ́ sí i bó bá ní èyí tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní ti rírà, ilé inú ọpọ́n ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ da ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sínú ilé kan. Bí wọ́n bá ń yí dà sínú ilé kejì, agbẹ́gilére náà kò gbẹ́ ẹ jìn tó, ọpọ́n náà kò ní gba odù. Lẹ́yìn náà, ẹ ki ìka mẹ́rin bọ̀ ọ́, kí ẹ gbá ọmọ jọ lẹ́ẹ̀kan. Bí èékánná bá ń ha igi, ilé náà há, ọwọ́ bàbá tó ń roko kò ní wọ ibẹ̀. Kí inú rẹ̀ rí róbótó, kó má ní igun tí ọmọ máa fara pamọ́ sí.

Igi tútù ló ń ba ọpọ́n ayò jẹ́ jù. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń gbẹ́ lásìkò òjò, tí wọ́n sì ń tà á kí omi tó gbẹ nínú igi. Bí ọyẹ́ bá dé, ìta á gbẹ ṣáájú inú, á fà, á sì la láti orí méjèèjì wá sáàárín. Orí méjèèjì yẹn ni kí ẹ wò dáadáa. Bí ẹ bá rí ìlà tín-ín-rín níbẹ̀ tí wọ́n ti fi pólíìṣì bò, ẹ gbé e padà fún ẹni tó ń tà á. Igi ọmọ, èyí tí wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù, fúyẹ́, ó sì rọrùn láti gbé kiri. Ìrókò wúwo, kì í sì í sún kúrò lórí tábìlì. Bí ihò wínníwínní bá wà lára ọpọ́n náà, tí nǹkan lẹ́búlẹ́bú bí èlùbọ́ ń dà síta níbẹ̀, kòkòrò ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Bí ẹ bá gbé e délé, ẹ fi àdín pa á tinú tẹ̀yìn, pàápàá orí méjèèjì, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ nù ún. Ẹ má sá a sóòrùn.

Ọmọ ayò gidi le, ó dán, àwọ̀ eérú ni. Ẹ rí i pé wọ́n bára dọ́gba, kí ẹ sì ra ọgọ́ta dípò 48, torí abẹ́ àga ni àwọn kan máa sùn sí. Kí ó jìnnà sí ọmọdé tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ó tóbi tó láti há a lọ́fun. Àtùpà sólà ńkọ́? Ẹ gbé e kọ́ sókè gangan. Bó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, òjìji á bo inú ilé tó wà ní ìhà kan, ẹni tó jókòó síbẹ̀ á máa ṣi ọmọ kà.

Ẹ̀fẹ̀ wà nínú ayò, ẹ má yọ ọ́ kúrò. Ẹni tó ń jẹ ni ọ̀ta, ẹni tí wọ́n ń jẹ ni ọ̀pẹ, àyè sì wà lójú ọpọ́n láti sọ ohun tí ẹnu kì í gbà níbòmíràn. Ìyá Fẹ́mi lè wo ọkọ rẹ̀ lójú kó ní, "Bàbá Fẹ́mi, ọ̀pẹ ni yín, ẹ lọ kọ́ṣẹ́ sí i," kí òun náà dáhùn pé, "Dúró ná, o ò tíì rí nǹkan kan." Ọ̀rọ̀ tó ti há sẹ́nu láti ọjọ́ mélòó kan a sì máa rí ọ̀nà jáde láàárín títa kan sí èkejì, torí ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ojú kò sì le mọ́ ara wọn. Kìkì pé bí ẹnì kan bá jẹ́ ọ̀ta gidi tí èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, eré náà á sú ẹni tí wọ́n ń jẹ kíákíá. Ẹ fún un ní ìrànwọ́ tó hàn kedere: kó máa kọ́kọ́ ta, kó sì jẹ́ pé bó bá jẹ 18 péré, ó ti borí. Kí ọ̀ta má mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù o. Ó máa ń hàn, ó sì ń bíni nínú ju ìpàdánù lọ.

Ilé tó bá ní ọmọ méjì sókè, lúdò ló yẹ kó tẹ̀lé e. Àwọ̀ mẹ́rin, ọmọ lúdò mẹ́rin fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ojú ọ̀nà 52 yí i ká. Ìwé ìlànà inú páálí lúdò kékeré lè ní dáìsì kan ni kí ẹ jù. Bí a ṣe ń ta á nílẹ̀ wa, méjì ni. Mẹ́fà ló ń mú ọmọ jáde, mẹ́fà méjì lẹ́ẹ̀kan náà sì ń fúnni láǹfààní láti tún jù. Ẹni tó bá pa ọmọ lúdò ẹlòmíràn, ìyẹn tó bọ́ sójú ibi tí ìyẹn wà, ọmọ tó fi pa á ti wọlé nìyẹn. Òfin yìí ló ń gba àwọn òbí là, torí òun ló ń gé eré kúrú. Láìsí i, ènìyàn mẹ́rin lè ta á kọjá wákàtí kan kí oorun gbé ọmọ kékeré lọ. Bí àkókò kò bá tó, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ọmọ méjì ta dípò mẹ́rin.

Ọmọ ọdún mẹ́fà á ti lè máa ro dáìsì méjì pọ̀. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ sún ọmọ rẹ̀, bó tilẹ̀ ń pẹ́. Ẹkún tó máa ń tẹ̀ lé pípa ní àtúnṣe: ẹ pín ara yín sí méjì-méjì. Bàbá àti ọmọ kan níhà kan, ìyá àti ọmọ kejì níhà kejì, kí àwọn tó jọ wà níhà kan má pa ara wọn. Ẹ má ṣe kó ọmọ méjì jọ dojú kọ òbí méjì. Àwọn ọmọ á bá ara wọn jà kí wọ́n tó bá yín jà.

Lúdò onípépà kì í pẹ́: ibi tí wọ́n ti ń ká a ló ń kọ́kọ́ ya, atẹ́gùn sì ń gbé e. Onígíláàsì ló dára, bí wọ́n bá ṣe é ire. Kí gíláàsì náà jókòó sínú kòtò tí wọ́n gbẹ́ sínú férémù, kó má jẹ́ ìṣó ni wọ́n fi dì í mú; ìṣó ló ń là á bí ẹnì kan bá gbá a. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò: bí páìwúùdù kò bá bò ó tán, omi òjò á wọlé, pépà inú á wú, àwọ̀ á sì ṣí. Ní ti dáìsì, ojú méjì tó kẹ̀yìn síra gbọ́dọ̀ máa jẹ́ méje: mẹ́fà àti ọ̀kan, márùn-ún àti méjì, mẹ́rin àti mẹ́ta. Láti mọ̀ bóyá ìhà kan wúwo, ẹ po iyọ̀ mọ́ omi nínú ife títí dáìsì á fi léfòó, ẹ máa fi ìka yí i. Bó bá jẹ́ ojú kan náà ló ń yọ sókè nígbà gbogbo, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ máa fi ife jù ú pẹ̀lú. Ọwọ́ lásán ní ọgbọ́n tirẹ̀.

Lúdò orí fóònù? Ó wà, àmọ́ ìpolówó ọjà á máa já lu eré, ìpè á wọlé, ẹni tí fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀ á sì bá ìpè lọ.

Whot kò gba àyè, ó sì yá: iṣẹ́jú díẹ̀, eré kan ti parí. Ó dùn fún ènìyàn mẹ́ta sí mẹ́fà. Fún tọkọtaya nìkan, kò fi bẹ́ẹ̀ dùn, ìdí rẹ̀ sì wà nínú òfin eré náà: káàdì 1 ń dá gbogbo ènìyàn dúró, 8 ń fo ẹni tó kàn, ṣùgbọ́n láàárín ẹni méjì, ohun kan náà ni méjèèjì ń ṣe. 14, tó yẹ kó rán gbogbo ilé lọ sọ́jà láti mú káàdì, kò rán ju ẹnì kan lọ. 2 tó ń ní kí ẹni kó méjì àti 5 tó ń ní kó mẹ́ta nìkan ló kù tó ní ata. Bí ẹ bá pọ̀, ẹ má máa yọ ẹni tí káàdì ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ jù kúrò nínú eré. Ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ yọ, fóònù ló ń lọ gbé. Ẹ máa ro nọ́ńbà káàdì tó kù lọ́wọ́ kálukú pọ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bíi máàkì dípò bẹ́ẹ̀, kí nọ́ńbà ara ìràwọ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì, kí ẹni tí máàkì rẹ̀ bá kéré jù lẹ́yìn ìgbà márùn-ún borí.

Ẹ kà á níwájú ẹni tó ń tà á. 54 ni: róbótó 12, onígun mẹ́ta 12, àgbélébùú 9, onígun mẹ́rin 9, ìràwọ̀ 7, Whot 20 márùn-ún. Èyí tí wọ́n fi pépà lásán ṣe máa ń lẹ̀ mọ́ra lásìkò òjò. Pọ́ńdà díẹ̀ tí a fi nù ún á là á. Bí káàdì kan bá sọnù, ẹ má tíì ra òmíràn. Ẹ mú ọ̀kan nínú Whot 20, kí ẹ fi báírò kọ nọ́ńbà àti àmì èyí tó sọnù sí ojú rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò yàtọ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ọwọ́ yín ló wà, Whot mẹ́rin tó ṣẹ́ kù sì tó eré ṣe.