Ìnṣọ́ránsì mọ́tò iná ní London: ohun tí àwọn sáìtì tó ń fi owó wéra ṣe fún mi, àti ibi tó kù sí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tẹ́ ẹ sì ń ronú àtira mọ́tò iná, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó sanwó mọ́tò fún ẹnikẹ́ni. Mọ́tò fúnra ẹ̀ kọ́ ni wàhálà mọ́, Nissan Leaf àlòkù ti wálẹ̀ gan-an, ìnṣọ́ránsì ló ń mú èèyàn lọ́rùn. Thamesmead ni mò ń gbé, iṣẹ́ carer ni mò ń ṣe, láti ilé bàbá kan bọ́ sí ilé màmá míì, mo lè jáde ní ìdájí kí n má wọlé títí ilẹ̀ á fi ṣú, bọ́ọ̀sì ò lè gbé irú iṣẹ́ yẹn. Mọ́tò dísẹ́lì tí mò ń wà tẹ́lẹ̀ ò bá òfin ULEZ mu (òfin tó ń gba owó lọ́wọ́ mọ́tò tí èéfín ẹ̀ bá burú jù), nígbà tí wọ́n wá fẹ̀ ẹ́ dé gbogbo London ní 29 August 2023, £12.50 ni lójúmọ́ tí mo bá ti gbé e jáde, ẹ wá fi iye ọjọ́ tí carer ń ṣiṣẹ́ sọ ọ́ di púpọ̀ kẹ́ ẹ wo ohun tó máa ṣẹ́kù nínú owó oṣù. Bí mo ṣe ra Leaf nìyẹn.

Àwọn sáìtì tí mò ń sọ nípa wọn yìí, mẹ́rin ló gbajúmọ̀ jù nílẹ̀ yìí: Compare the Market, MoneySuperMarket, Confused.com àti GoCompare. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tẹ́ ẹ bá rà lọ́wọ́ ẹ̀ ló máa fún wọn ní tiwọn. Ẹ máa tẹ nọ́ńbà mọ́tò sí i, wọ́n á gbé irú mọ́tò tó jẹ́ jáde, ọdún tó jáde, pé iná ló ń lò kì í ṣe epo, wọ́n á wá máa bi yín ní ìbéèrè: ọjọ́ orí, àdírẹ́sì, iṣẹ́, ibi tí mọ́tò ń sùn lálẹ́, ọdún mélòó tẹ́ ẹ ti gba láísẹ́ǹsì, ṣé ẹ ti ní jàǹbá rí. Tẹ́ ẹ bá parí, iye tí oríṣiríṣi ilé-iṣẹ́ ń pè á tò wálẹ̀ lójú kan náà. Èmi kan náà, mọ́tò kan náà, ọjọ́ kan náà, ẹnì kan ń pe iye tó lé ní £2,000, ẹlòmíì ń pe iye tó dín ní £1,100. Tó bá jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ni mo pè lórí fóònù, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Nítorí ìyẹn nìkan mo gbé ọwọ́ fún wọn.

Ohun tí mo tún fẹ́ràn níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa ò mọ̀ ni pé ẹ lè tẹ nọ́ńbà mọ́tò tẹ́ ẹ ò tíì rà. Ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, ẹ wo iye tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó fi owó sílẹ̀. Nílẹ̀ UK wọ́n ti pín mọ́tò sí ẹgbẹ́ 1 dé 50, bí nọ́ńbà bá ṣe ń lọ sókè ni ìnṣọ́ránsì ń wọ́n, àwọn Tesla wà lókè téńté níbẹ̀, Leaf wà láàárín. Àbúrò mi ọkùnrin kan ń sọ fún mi pé kí n mú Tesla, ó ní ó rẹwà, mo ní ó rẹwà lóòótọ́ àbúrò mi, ṣùgbọ́n wá wo iye tí wọ́n pè, òun náà dákẹ́.

Kí ló dé tí mọ́tò iná fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀ ná? Thatcham Research, àwọn tó ń ṣe ìwádìí mọ́tò fún àwọn oníṣẹ́ ìnṣọ́ránsì nílẹ̀ yìí, gbé ìròyìn jáde ní 2023 pé àtúnṣe mọ́tò iná tó bá ní jàǹbá ń gba owó tó fi bíi 25% ju ti mọ́tò epo lọ, ó sì ń pẹ́ jù ú lọ ní bíi 14%. Bátìrì ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Abẹ́ mọ́tò ló wà, òun ló sì wọ́n jù nínú gbogbo ẹ̀, tí nǹkan bá ti gbá a nísàlẹ̀, mẹkáníìkì tó lè ṣí i wò kó sọ pé kò sí ewu kò pọ̀, ilé-iṣẹ́ á kúkú sọ pé mọ́tò ti kú, wọ́n á sanwó ẹ̀. Ọdún yẹn náà ni ilé ìtajà ńlá John Lewis dáwọ́ dúró láti máa ta ìnṣọ́ránsì mọ́tò iná fúngbà díẹ̀ torí pé Covéa, ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tó wà lẹ́yìn wọn, fẹ́ kọ́kọ́ wo bí ewu ẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Nítorí náà tí wọ́n bá pe owó fún yín tí ojú yín là, kì í ṣe pé wọ́n kórìíra yín.

Ibi tó kù sí wá rèé, ibẹ̀ gan-an ló sì jẹ́ kí n kọ gbogbo èyí. Sáìtì máa to nǹkan láti orí èyí tó pọ́ọ́kú jù, ojú èèyàn á sì lọ síbẹ̀ tààrà. Ṣùgbọ́n mọ́tò iná ní àwọn ìbéèrè tirẹ̀ tí owó lásán ò lè dáhùn. Ṣé wọ́n máa san owó bátìrì tó bá bàjẹ́ nínú jàǹbá? Tí bátìrì bá jẹ́ èyí tí wọ́n yá yín ńkọ́, bíi ti ọ̀pọ̀ Renault Zoe àtijọ́, ta ló ni ín tí mọ́tò bá jóná? Wáyà tẹ́ ẹ fi ń gba ṣájì, tí olè bá gé e lọ torí kọ́pà inú ẹ̀, ta ló máa san án? Tí ṣájì bá tán lójú ọ̀nà, ṣé wọ́n máa wá gbé yín dé ibi tẹ́ ẹ ti lè gba ṣájì, àbí wọ́n á ní ẹ̀bi yín ni?

Ìwé kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní IPID, ojú ìwé bíi méjì péré, ó máa ń wà níbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ tẹ bọ́tìnnì àtirà. Wọ́n ṣe é ní àmì àmì: àmì àwọ̀ ewé ni ohun tí wọ́n máa san, àmì pupa ni ohun tí wọn ò ní san, àmì àwọ̀ ọsàn tó ní ìlà àti tóótóó (!) ni ibi tí wọ́n ti fi ìdíwọ́ sí i. Mo jókòó sórí àga ìdáná, mo ṣí ti àwọn mẹ́ta tó pọ́ọ́kú jù sílẹ̀ lórí fóònù mi, mo ń ka àwọn ìlà pupa àti ọsàn nìkan. Ẹni tó pọ́ọ́kú jù nínú gbogbo wọn ò sọ ọ̀rọ̀ bátìrì rárá, kò sọ ti wáyà. Ẹni kejì fi £40 ó lé díẹ̀ wọ́n jù ú, ó kọ ọ́ gbangba pé bátìrì wà níbẹ̀ yálà tèmi ni àbí wọ́n yá mi, wáyà wà níbẹ̀, ẹni tó bá sì fẹsẹ̀ kọ wáyà mi tó ṣubú, àwọn ló máa dá a lóhùn. £40 lọ́dún kan! Mo rà á.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ kíkọ wáyà yẹn, ẹ má fi ṣeré o. Flat ni mò ń gbé, mi ò ní àyè àtipààkì iwájú ilé, ara òpó iná ẹ̀gbẹ́ títì ni mo ti ń gba ṣájì nígbà míì, wáyà á sì wà nílẹ̀ láàárín mọ́tò àti òpó. Mo pe ilé-iṣẹ́ kan (mi ò ní dárúkọ wọn) mo béèrè pé tí màmá àgbà kan bá kọsẹ̀ lára wáyà mi ńkọ́, ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní kí n dúró, orin ń dún lọ ràì, ó padà wá ó ní àwọn ò ní ìdáhùn sí i nínú ìwé àwọn. Ẹni tí ò mọ ohun tó ń tà, báwo ni mo ṣe fẹ́ fi mọ́tò tí mo fi ń jẹun lé e lọ́wọ́? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo pa fóònù. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àyè lójúlé yín tẹ́ ẹ fi àpótí ṣájì sára ògiri, ẹ bi ìnṣọ́ránsì mọ́tò àti ti ilé méjèèjì léèrè ta ló máa sanwó àpótí yẹn tó bá bàjẹ́, torí ẹ lè bá a pé kò sí nínú èyíkéyìí.)

Ẹ̀yin carer, ẹ̀yin support worker, ẹ gbọ́ tèmi dáadáa níbí. Fọ́ọ̀mù máa bi yín pé kí lẹ fẹ́ máa fi mọ́tò ṣe. Social ni kẹ́ ẹ máa fi lọ ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ọjà, òde. Commuting ni kẹ́ ẹ máa fi lọ síbi iṣẹ́ kan ṣoṣo kẹ́ ẹ padà. Tó bá jẹ́ láti ilé oníbàárà kan dé ilé ìkejì lẹ ń lọ, business use lẹ máa mú. Ó máa fi owó díẹ̀ kún un, ti àwọn kan ò tiẹ̀ fi nǹkan kan kún tèmi, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá mú commuting kẹ́ ẹ lè rí i rà pọ́ọ́kú, tí jàǹbá wá ṣẹlẹ̀ láàárín ilé oníbàárà méjì ní aago mẹ́wàá àárọ̀, wọ́n lè kọ̀ láti sanwó mọ́tò yín. Iye máìlì náà, ẹ sọ òótọ́, torí gbogbo MOT (àyẹ̀wò mọ́tò ọdọọdún) ni wọ́n ń kọ máìlì sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ló sì lè yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohun tó já owó mi wálẹ̀ jù ni àkókò. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kí ti àtijọ́ tó parí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò, ẹni tó bá dúró di ọjọ́ tó kù ọ̀la, wọ́n á kà á sí ẹni tí ò létò, owó á gasókè. Mo fi ọkọ mi kún un, torí ó ti ń wa mọ́tò nílẹ̀ yìí tipẹ́tipẹ́ láìní jàǹbá, ó wálẹ̀ díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má fi bàbá ṣe onímọ́tò nígbà tó jẹ́ pé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì ló ń wà á lójoojúmọ́, fronting ni wọ́n ń pè é, jìbìtì ni lójú òfin. Excess náà, ìyẹn owó tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ san lápò yín kí àwọn tó dá sí i, tẹ́ ẹ bá ń gbé e sókè ìnṣọ́ránsì á máa wálẹ̀, ó dùn ún wò, àmọ́ tí wọ́n bá ti fi £250 tiwọn sí i tẹ́ ẹ wá fi £500 tiyín kún un, £750 nìyẹn kí wọ́n tó na kọ́bọ̀ lórí Leaf àlòkù, ṣé ẹ ní i nílẹ̀? Iye tí mo mọ̀ pé mo lè rí san láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi síbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá rówó ẹ̀ san lẹ́ẹ̀kan, ẹ san án lẹ́ẹ̀kan. Sísan oṣooṣù, ẹ̀yáwó ni, wọ́n ń gba èlé lé e. Àjọ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ kó, mo fi san gbogbo ẹ̀ lójú kan náà, àjọ ò gba èlé. Ó ṣe pàtàkì gan-an nísinsìnyí torí àwọn ohun tó mú mọ́tò iná rọrùn tẹ́lẹ̀ ti ń dín kù, láti 1 April 2025 la ti ń san road tax bíi tàwọn elépo, ọ̀fẹ́ Congestion Charge (owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mọ́tò tó bá wọ àárín London) náà ti parí ní December 2025, gbígba ṣájì níta sì ní VAT 20% lórí nígbà tó jẹ́ 5% péré ni ti inú ilé. Àwa tá à ń gbé flat ló ń jìyà ìyẹn, kò sì dáa.

Àwọn tó ń pe ara wọn ní broker lórí WhatsApp, tí wọ́n ń sọ pé àwọn á bá yín ṣe é ní ìdajì owó, ẹ sá fún wọn. Wọ́n lè fi irọ́ kún fọ́ọ̀mù yín, tàbí kí wọ́n fún yín ní ìwé ayédèrú pátápátá. Ọjọ́ tí ọlọ́pàá bá dá yín dúró ni ẹ máa mọ̀, póíǹtì 6 lórí láísẹ́ǹsì, £300, wọ́n á sì wọ́ mọ́tò lọ. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì tí kò tíì pé ọdún méjì, póíǹtì 6 yẹn ti tó láti gba láísẹ́ǹsì ọ̀hún kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Motor Insurers' Bureau, àjọ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ mọ́tò tó ní ìnṣọ́ránsì, ní ibi tẹ́ ẹ ti lè yẹ nọ́ńbà mọ́tò yín wò láti mọ̀ bóyá ó wà nínú ìwé, FCA, àjọ tó ń mójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, náà ní ìwé orúkọ àwọn tí wọ́n fún láyè láti ta ìnṣọ́ránsì. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Ní tèmi, àwọn sáìtì yìí gba mẹ́rin nínú márùn-ún lọ́wọ́ mi. Ẹyọ kan tí mo yọ, ti ọ̀rọ̀ bátìrì àti wáyà ni, tí wọ́n bá lè gbé e síwájú níbi tí owó wà kí èèyàn má máa wá a nínú ìwé, màá fún wọn ní márùn-ún. Ẹ lo méjì ó kéré tán, torí ẹni tó wà lórí ọ̀kan lè má sí lórí èkejì, ẹ sì tún rántí pé àwọn kan bíi NFU Mutual kì í sí níbẹ̀ rárá, ẹ máa kàn sí wọn fúnra yín ni.

Tẹ́ ẹ bá rà á tán, ẹ wọ inú account yín kẹ́ ẹ yọ auto-renew, ìyẹn èyí tó máa ń tún un rà fúnra ẹ̀ tọ́dún bá pé. Lóòótọ́ láti January 2022 FCA ti sọ pé iye tí wọ́n máa pè fún oníbàárà àtijọ́ tó fẹ́ tún un ṣe ò gbọdọ̀ ju èyí tí wọ́n máa pè fún ẹni tuntun tó dà bíi rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin yẹn ò sọ pé ilé-iṣẹ́ kejì ò lè pọ́ọ́kú jù wọ́n lọ. Mo ti yọ tèmi. Lẹ́tà wọn máa dé, iye ọdún tó kọjá á wà lórí ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tuntun, màá gbé e sílẹ̀ níwájú mi, màá sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí nọ́ńbà mọ́tò.