Éríà rédíò fún Ìjàpá 1976: mẹ́ta ni mo rà kí n tó rí èyí tó bá a mu

Ìjàpá bàbá mi ni mò ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ o, Volkswagen Beetle, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tò ní Volkswagen of Nigeria lọ́nà Badagry l'Ékòó. 1975 ni ilé-iṣẹ́ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ jáde, bàbá mi sì ra tiẹ̀ ní 1976, tuntun. Ó ti lé lọ́dún méjì tí mo ti ń tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ n'Íbàdàn níbí, panẹ́bítà ti ṣe tiẹ̀, pẹ́ńtà ti ṣe tiẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń dún bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ohun tó wá mú mi làágùn jù ni éríà rédíò, ọ̀pá tó ń bá rédíò gba ìró, ohun tí èèyàn á rò pé ọjọ́ kan péré la máa fi parí ẹ̀.

Ìdí tí mi ò fi gbà kí wọ́n kàn ki èyíkéyìí síbẹ̀ ni pé bàbá mi kì í sítáàtì ọkọ̀ yẹn láàárọ̀ láì kọ́kọ́ fa éríà yọ. Á dúró lápá òsì níwájú, á tẹ̀ba díẹ̀, á fà á, a ti máa wà nínú ọkọ̀ tá a ti ń wò ó, á wá wọlé, á tan rédíò, ìròyìn á bẹ̀rẹ̀, ìgbà yẹn la tó máa gbéra lọ sílé ìwé. Rédíò Blaupunkt tó wà níbẹ̀ nígbà yẹn náà ló ṣì wà níbẹ̀ dòní. Éríà ló ti lọ tipẹ́, ẹnì kan ṣẹ́ ẹ lọ́jọ́ tí wọ́n gbàgbé ẹ̀ síta, nígbà tó sì yá ìdí ẹ̀ náà sọnù sọ́wọ́ pẹ́ńtà kan. Ihò nìkan ló kù.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà ni èyí tí gbogbo ọjà ń tà, tí wọ́n á ní ó bá gbogbo ọkọ̀ mu. ₦5,500. Ẹ má rà á fún Ìjàpá. Mi ò sọ pé kò dáa fún ọkọ̀ míì o, àmọ́ ibi tí éríà ń gbé lára Ìjàpá, lápá òsì níwájú wíńdískíìnì níbẹ̀ yẹn, ara ọkọ̀ ò tẹ́jú, ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀ ni, torí náà ìdí éríà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe ní ìdagẹ̀rẹ́ kí ọ̀pá tó lè nàró. Ti ọjà yìí, pẹrẹsẹ ni ìdí ẹ̀. Nígbà tí wọ́n dè é tán, ọ̀pá fì síta bí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó so tí wọn ò fi igi tì. Ihò ara ọkọ̀ mi jẹ́ mílímítà 22, mo fi rúlà wọ̀n ọ́n, ìdí éríà yìí ò sì ju 16 lọ, ni wọ́n bá fi wọ́ṣà ńlá méjì pa á mọ́. Òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, omi wọ búùtù iwájú, níbi tí táǹkì epo wà, kápẹ́ẹ̀tì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ rin gbindin. Rédíò ńkọ́? Ṣííí ni látìgbà tá a ti dé Òjòó. Amuludun 99.1 tó jẹ́ pé Mọ́níyà níbí ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, ńṣe ló dà bíi pé inú kànga ni wọ́n wà.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ̀rọ̀ wáyà kí n má gbàgbé. Wáyà èyí kúrú, kò dé ẹ̀yìn rédíò, ríwáyà tó dè é bá gé wáyà tẹlifíṣọ̀n, ó fi gùn ún. Ẹ má gbà kẹ́nikẹ́ni ṣe bẹ́ẹ̀ fún yín láé. Wáyà éríà ọkọ̀ àti wáyà tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe ẹgbẹ́, ẹ la méjèèjì kẹ́ ẹ wò ó: ti ọkọ̀, bàbà àárín ẹ̀ tín-ín-rín bí irun, inú ihò kékeré tí afẹ́fẹ́ wà ló ń gbé, kò fara kan ààbò tó yí i ká; ti tẹlifíṣọ̀n, wọ́n fi rọ́bà funfun dí gbogbo àárín ẹ̀ pa ni. Ìyẹn ló jẹ́ kí wáyà tẹlifíṣọ̀n máa gbé ìró AM mì lọ́nà kó tó dé inú rédíò. FM lè rọ́gbọ́n dá sí i, AM á kú ni. Bàbá mi ò gbọ́ nǹkan míì ju AM lọ nígbà ayé ẹ̀, nítorí náà ó dùn mí gan an.

Èkejì, mo ní kí n má ṣahun, mo rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àwọn kan tó ń ta páàtì ọkọ̀ àtijọ́ l'Éúróòpù, mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ti Beetle 1968 sí 1979 ni, fọ́tò ẹ̀ ń dán. Owó ẹ̀, owó tí wọ́n fi gbé e wá, owó kọ́sítọ̀ọ̀mù, gbogbo ẹ̀ lé ní ₦90,000, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló sì fi rìn kó tó dé. Ìdagẹ̀rẹ́ ẹ̀ bá ara ọkọ̀ mu lóòótọ́, inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ní London lóru ọjọ́ yẹn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sítáàtì ẹ́ńjìnnì, mo tan rédíò, ló bá ń ta tà-tà-tà-tà, bí mo ṣe ń tẹ tọ̀rọ́tù sí i ni ariwo yẹn ń yára sí i. Mo pààrọ̀ wáyà pulọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo pààrọ̀ kọ̀ǹdẹ́ńsà, owó ń lọ, ariwo ò lọ. Mo kọ̀wé sáwọn tó tà á, wọ́n ní ọkọ̀ mi ló níṣòro, pé tí mi ò bá fẹ́ ẹ, kí n fi owó ara mi dá a padà. Owó à ti dá a padà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ọjà.

Bàbá ríwáyà kan ní Mọ́kọ́lá ló là mí lójú, àgbàlagbà ni, Ìjàpá ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́. Wọn ò tiẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ́ńjìnnì rárá. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, tú éríà yẹn sílẹ̀ ná." Mo tú u. Wọ́n yí ìdí ẹ̀ sókè, wọ́n fi èékánná họ àwọn eyín kéékèèké tó wà lábẹ́ ẹ̀, àwọ̀ irin tó wà lára ẹ̀ ṣí, rọ́bà dúdú yọ jáde.

"Ṣó o rí i? Eyín yìí ló yẹ kó gé ara ọkọ̀ jẹ, kó lè rí áàtì, kí irin kan irin. Rọ́bà ò lè gé irin jẹ."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra éríà, ibi tó yẹ kẹ́ ẹ wò nìyẹn o, abẹ́ ìdí ẹ̀, kì í ṣe ọ̀pá. Ọ̀pá kì í ṣe ìṣòro, ọ̀pá lè wọ́, a lè tẹ̀ ẹ́ padà. Tí ìdí éríà ò bá rí irin gidi bù jẹ lábẹ́ ọkọ̀, ààbò wáyà ò ní áàtì, gbogbo ariwo tí iná pulọ́ọ̀gì bá ń ṣe ló máa gbà wọlé, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, iwájú ni éríà wà, ọkọ̀ yẹn gan an ti ràn wá lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Bàbá ní kí n lọ sí Gate, nínú ọjà Aráròmí, kí n wá àlòkù tí wọ́n tú lára Ìjàpá gidi, kí n má ra tuntun mọ́.

Ìgbà mẹ́ta ni mo lọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, Alàájì kan gbé páálí kan jáde látabẹ́ tábìlì, éríà bíi méjìlá ló wà níbẹ̀ tí wọ́n lọ́ mọ́ra wọn. Wọ́n wo ojú mi.

"Ṣé kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ yín?"

"Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ni, Alàájì? Ó wà lọ́wọ́ mi."

"Rárá o. Kọ́kọ́rọ́ éríà."

Mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí láyé mi. Mo kàn na ìdì kọ́kọ́rọ́ sí wọn, èyí tí bàbá mi ń lò, awọ brown tó ti fẹ́ gé. Mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ti ilẹ̀kùn, ọ̀kan ti sítáàtà, ẹ̀kẹta kékeré kan tí orí ẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, tí gbogbo wa nílé ti ń pè ní kọ́kọ́rọ́ àpótí láti ọjọ́ yìí wá. Alàájì mú un, wọ́n yọ éríà kan nínú páálí, ọ̀pá ẹ̀ ti wọlé pátápátá débi pé orí ẹ̀ bá ìdí ẹ̀ dọ́gba, kò sí ibi téèyàn á fọwọ́ mú. Wọ́n ki kékeré yẹn sí i, wọ́n fà á. Ọ̀pá yọ.

Mo ní láti jókòó. Ohun tí bàbá mi máa ń tẹ̀ba ṣe láràárọ̀ nìyẹn. Ọwọ́ la rò pé wọ́n fi ń fà á.

Hirschmann ni wọ́n kọ sí ìdí ẹ̀, Jámánì. ₦18,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi lẹ́yìn tá a ná an tán, ẹ sì wò ó, eyín abẹ́ ẹ̀ irin ni, ìdagẹ̀rẹ́ ẹ̀ bá ìdà ara ọkọ̀ mi mu bí ìgbà tí wọ́n fi ìdérí bo ìkòkò ẹ̀, mílímítà 22 wọ̀ ọ́ dáadáa, wáyà ẹ̀ gùn dé ẹ̀yìn rédíò láì sí ìsopọ̀ kankan. Àbùkù ẹ̀ ni pé ìpele tó kẹ́yìn lórí ọ̀pá wọ́ díẹ̀, rọ́bà tó ń dí omi lábẹ́ ẹ̀ sì ti gbẹ fán-ún. Rọ́bà yẹn, Brazil ni mo ti rí tuntun, torí wọ́n ṣe Ìjàpá pẹ́ níbẹ̀, Fusca ni wọ́n ń pè é, wọ́n ṣe é di 1986, wọ́n tún padà ṣe é láti 1993 sí 1996.

Dídè é gbà wá ní àárọ̀ kan. Bàbá ríwáyà ní kí n fi sáńpépà ha ọ̀dà abẹ́ ihò yẹn fúnra mi, láti inú, fífẹ̀ ìka kan yíká, títí irin á fi funfun. Ó nira fún mi kí n ha ọ̀dà tí mo san owó gọbọi lé lórí, àmọ́ abẹ́ ni, kò sẹ́ni tó máa rí i. Ẹ ha á, kẹ́ ẹ fi gíríìsì díẹ̀ bò ó lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá dè é tán kó má dípẹtà. Kí wọ́n tó ki pulọ́ọ̀gì sí rédíò, wọ́n gbé mítà iná, èyí tó máa ń dún tí iná bá lè gba ibi méjì tí wọ́n fi kàn kọjá: láti orí ọ̀pá sí ṣóńṣó àárín pulọ́ọ̀gì, ó gbọ́dọ̀ dún, láti ara òde pulọ́ọ̀gì sí ara ọkọ̀, ó gbọ́dọ̀ dún, láti orí ọ̀pá sí ara ọkọ̀, kò gbọdọ̀ dún rárá, tó bá dún, omi tàbí ìpẹtà ti so wọ́n pọ̀ nínú. Ìṣẹ́jú méjì ni, ẹ lè ṣe é nínú ṣọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ kàn fi ìdí éríà rọ́pò ara ọkọ̀. Lára rédíò mi, ìdè kékeré kan bíi sukúrù tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí pulọ́ọ̀gì ń wọ̀. Bàbá yí AM lọ sókè, nítòsí 1400, níbi tí ìró ti rẹ̀ gan an, wọ́n rọra ń yí ìdè yẹn pẹ̀lú sukurúdíráfà tín-ín-rín, ìró ń jáde bọ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n dúró níbi tó ti le jù.

Ẹ má fa ọ̀pá yọ tán tó bá jẹ́ FM lẹ fẹ́ gbọ́. Nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 75 tó fún FM, AM ló ń fẹ́ kó gùn.

Mo ní láti sọ èyí náà káwọn èèyàn má bàa bínú sí éríà tí kò ṣẹ̀: rédíò Blaupunkt àtijọ́ bíi tèmi, 104 ni FM ẹ̀ parí sí. Splash 105.5 àti Fresh 105.9 ò lè wọlé sí i láéláé, ì báà jẹ́ éríà ọba lẹ fi sí i. Premier 93.5 ń wọlé ketekete. A gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́nà Ọ̀yọ́ ní Sátidé, Amuludun ò já títí a fi kọjá Fìdítì, kò sí tà-tà-tà, òjò rọ̀ sí wa ní Ìlọrà, mo ṣí búùtù iwájú nígbà tá a dúró, gbígbẹ ló wà.

Tí ẹnikẹ́ni bá ní ìpele orí ọ̀pá Hirschmann tí kò wọ́, mo ṣì ń wá a. Ìyá mi ti gba ìdì kọ́kọ́rọ́ yẹn lọ́wọ́ mi láti tún awọ ẹ̀ rán, wọ́n ní tí wọ́n bá rán an tán, àwọn ni wọ́n máa fa éríà yọ lọ́jọ́ Sunday.