Aláàmù èéfín wo ló yẹ ilé tí ajá tàbí ológbò wà?

Tí iná bá ṣẹ́ yọ nínú ilé lóru, ajá lè gbó títí, ológbò lè sá sábẹ́ ibùsùn, àmọ́ kò sí èyí tó lè ṣílẹ̀kùn nínú wọn. Ẹ̀yin ni ẹ gbọ́dọ̀ jí. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ kọ́kọ́ ra aláàmù èéfín, kí owó tó tán sórí kéèjì olówó ńlá.

Oríṣi méjì ló wà lọ́jà, ẹ wo ẹ̀yìn páálí wọn. Èyí tí wọ́n kọ "ionisation" sí ń lo bíńtín americium-241, èròjà kan tó ń tú ìtànṣán jáde. Ó sábà máa ń pọ́ọ́kú, ó sì tètè ń mọ iná tó bá sọ kúlá lẹ́ẹ̀kan náà, bíi ti bébà. Wàhálà rẹ̀ ni ilé ìdáná. Mo ń dín dòdò, ó ń han, ajá mi ń gbọ̀n lẹ́yìn fìríìjì. Mo yọ bátìrì rẹ̀, mo sì gbàgbé láti dá a padà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní.

Èyí tí wọ́n kọ "photoelectric" tàbí "optical" sí, ìmọ́lẹ̀ kékeré ló fi ń ṣọ́ èéfín. Òun ló tètè ń mọ iná tó ń rú èéfín wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú fóòmù àga tàbí wáyà ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, irú èyí tí èéfín rẹ̀ ń pani lójú oorun kí iná tó dé yàrá. Òun ni kí ẹ rà. Tí agbára bá gbé e, ẹ ra èyí tó ní méjèèjì nínú.

Ẹ má ra èyí tó jẹ́ pé iná NẸ́PÀ nìkan ló ń lò. Èyí tí wọ́n ti dí bátìrì ọlọ́dún 10 mọ́ nínú, ó máa ń wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa yọ ọ́ bíi tèmi. Tí ọdún 10 bá pé, ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀.

Èyí tó ń pe fóònù yín wúlò tí ajá bá ń dá wà nílé láti àárọ̀ dalẹ́. Àmọ́ tí iná bá lọ tí Wi-Fi kú, kò ní lè pè yín. Ẹ fi Wi-Fi sórí ínfátà, kí ẹ sì fún aládùúgbò kan ní kọ́kọ́rọ́.

Kò sí ìkankan nínú wọn tó mọ carbon monoxide, gáàsì olóró tí jẹnẹrétọ̀ ń tú jáde, torí gáàsì ni, kì í ṣe èéfín. Kò láwọ̀, kò sì lóòórùn. Aláàmù tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Tí ilé ajá yín bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé, ẹ gbé e kúrò lónìí, ẹ má dúró de ọjọ́ tí ẹ máa lọ ọjà.

Ní ti kéèjì, aláṣọ fúyẹ́ láti gbé ológbò sá jáde, onírin le fún ajá ńlá. Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ má fi àgádágodo tì í.

Ní Èkó, 112 tàbí 767 ni ẹ ó pè. Ẹ sọ fún panápaná pé ẹranko wà nínú ilé, àti yàrá tó wà.