Debian 12 lórí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀: ṣé aró á hàn bí aró?

Aṣọ tí aláró rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kì í rí bí èyí tó rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, ojú ọmọ Òṣogbo sì mọ ìyàtọ̀ wọn láti òkèèrè. Ẹni tó bá ń fi GIMP tàbí Inkscape ya bátànì àdìrẹ kó tó gbé e dé orí aṣọ gbọ́dọ̀ ní kọ̀ǹpútà tó mọ ìyàtọ̀ náà. Ojú yẹn la fi wo Debian 12, ètò Linux tó ń darí kọ̀ǹpútà, lórí àwọn tòkunbọ̀ bíi Dell OptiPlex GX620, Latitude D620 àti ThinkPad T60, tí wọ́n jáde ní 2005 àti 2006.

Èyí tó bá gbé GMA 950, ẹ̀rọ àwòrán ti Intel, ló rọrùn jù, òun la sì máa ní kí ẹ rà. Dráífà i915 tó ń darí rẹ̀ ti wà nínú kernel 6.1, ọkàn ètò náà, tí Debian 12 gbé wá. Kò sí firmware (fáìlì tí ẹ̀rọ àwòrán fi ń ṣiṣẹ́) tí ẹ ó wá kiri, kò sí fáìlì xorg.conf (ìlànà bí ojú kọ̀ǹpútà á ṣe hàn) tí ẹ ó kọ. Ẹ fi Xfce, ojú iṣẹ́ tó fúyẹ́, sí i, ẹ tan án, ó parí. RAM 1 GB á gbé e, ṣùgbọ́n inú RAM yìí kan náà ni GMA 950 ti ń yá tirẹ̀, nítorí náà 2 GB ló tọ́ fún GIMP.

Kí ẹ tó gbà pé àwọ̀ pé, ẹ ṣí tẹ́míná, kí ẹ tẹ:

xdpyinfo | grep "depth of root"

Ó yẹ kó dáhùn pé 24 planes, ìyẹn 24 bit fún àwọ̀ píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ 16, ẹnì kan ti kọ DefaultDepth 16 sínú /etc/X11/xorg.conf tàbí xorg.conf.d, ẹ yọ ìlà náà kúrò. Ìmọ̀ràn ayé ìgbà tí káàdì àwòrán ń ní MB kan tàbí méjì ni. 1024×768 ní 16 bit ń gba 1.5 MB, tí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan bá gba 32 bit, ó di 3 MB, káàdì 2 MB kò lè gbà á. Irú ìnira bẹ́ẹ̀ kò sí lórí àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí. Ohun tí 16 bit sì ń gbà lọ́wọ́ yín pọ̀: pupa ní 5 bit, àwọ̀ ewé 6, búlúù 5. Ìpele 32 péré ló kù fún aró, níbi tí 24 bit ti ń fún un ní 256. Ibi tó yẹ kí aró ti máa ṣí díẹ̀díẹ̀ á wá dà bí àtẹ̀gùn, ìlà ìlà.

T60 tó ní káàdì àwòrán Radeon X1300 tàbí X1400 ń fẹ́ iṣẹ́ díẹ̀ sí i. Ẹ tẹ sudo dmesg | grep -i firmware. Bí ẹ bá rí i pé radeon/R520_cp.bin kò wọlé, àwòrán á hàn, ṣùgbọ́n yóò máa fà bí ìgbín. Ẹ ṣí /etc/apt/sources.list, ẹ fi non-free-firmware kún ìparí ìlà tí main wà, kí ẹ wá ṣe:

sudo apt update
sudo apt install firmware-amd-graphics

Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ tún un tàn. Debian 12, ní 2023, ni ẹ̀ka non-free-firmware bẹ̀rẹ̀. Non-free lásán ni àwọn ìlànà àtijọ́ ń pè, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Lẹ́yìn náà, glxinfo -B, tó wà nínú mesa-utils, kò gbọdọ̀ dárúkọ llvmpipe mọ́, ìyẹn àmì pé CPU ló ń ya àwòrán dípò káàdì. Bó bá ṣì dárúkọ rẹ̀, ẹ wo /etc/default/grub bóyá ẹni tó ta á ti fi nomodeset, ọ̀rọ̀ tó ń dí dráífà àwòrán lọ́wọ́, síbẹ̀ kí ẹ̀rọ lè tètè tàn. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ ṣe sudo update-grub.

D620 kan wà tó gbé NVIDIA. Nouveau, dráífà tirẹ̀ tó wà nínú kernel, ń tan án, àmọ́ bí ti Intel bá wà lórí àtẹ, ẹ mú ti Intel.

Wáyà VGA ló ń fa ẹ̀sùn tí Debian kò jẹ̀bi rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kìíní ló ń gbé pupa, ìkejì àwọ̀ ewé, ìkẹta búlúù. Bí ìkẹta bá tẹ̀ tàbí tó kán, funfun á di àwọ̀ ìyeyè, aró á sì di dúdú. Bí ìkejì bá kán, funfun á rí bí elésè àlùkò. Ẹ wo àmì ilé iṣẹ́ tó máa ń kọ́kọ́ hàn kí Debian tó wọlé: bí àwọ̀ tiẹ̀ náà bá ti yí, ẹ pààrọ̀ wáyà, ẹ má fọwọ́ kan fáìlì kankan. Abẹ́rẹ́ 12 àti 15 ló ń jẹ́ kí mọ́nítọ̀ sọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Wáyà tí kò ní wọn máa ń há ojú sí 1024×768. Fún mọ́nítọ̀ 1280×1024, ẹ kọ́kọ́ fi xrandr wo orúkọ ojú ìso náà, kí ẹ fi í rọ́pò VGA-1 bó bá yàtọ̀, kí ẹ wá tẹ:

xrandr --newmode "1280x1024_60.00" 109.00 1280 1368 1496 1712 1024 1027 1034 1063 -hsync +vsync
xrandr --addmode VGA-1 "1280x1024_60.00"
xrandr --output VGA-1 --mode "1280x1024_60.00"

Kí ẹ tó sanwó, ẹ tẹ lscpu. Bó bá jẹ́ 32-bit nìkan ló kọ, bíi Core Duo, Debian 12 ni ìpẹ̀kun rẹ̀, torí Debian 13 ti August 2025 kò ní ìgbékalẹ̀ fún i386, ẹ̀yà 32-bit, mọ́. Core 2 Duo lè lọ síwájú.

Ojú àwọn láptọ́ọ̀pù ìgbà náà sábà máa ń ní 6 bit fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìpele 64, ohun yòówù kí xdpyinfo sọ. Ẹ fi ojú láptọ́ọ̀pù tẹ lẹ́tà. Tó bá di ká yan aró, mọ́nítọ̀ 8 bit ni kí ẹ so mọ́ ọn.