Ìrànwọ́ àtètèṣe fún ọmọ kékeré ní Ògbómọ̀ṣọ́: ibi tí wọ́n ti fi ti òbí ṣe, àti ibi tí wọ́n ti dá a ṣe

Iṣẹ́ tí à ń yẹ̀ wò yìí wà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, tí ọrùn rẹ̀ kò tètè gbà, tí kò jókòó nígbà tó yẹ, tí kì í gbọ́ràn dáadáa, tàbí tí oúnjẹ máa ń pá lórí ṣáá. Ẹ̀yìn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti ń ṣe é, yàrá méjì àti ìloro kan. A ò ní dárúkọ wọn, nítorí a ní àléébù tí a fẹ́ sọ. Síbẹ̀, ẹni tó bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé, kó gbé e lọ. Gbogbo ohun tí àwọn ìdílé bá wọn jókòó ṣètò níbẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Èyí tí wọ́n dá ṣe ló ń mẹ́hẹ.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí wọ́n mú. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni, torí àwọn ìyá ló sọ pé ẹni tó ti fi owó ọ̀kadà wá gba abẹ́rẹ́ kò ní rí òmíràn ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n wá. Abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 wà, ti oṣù 9 sì tẹ̀ lé e. Nínú ìwọ̀n ìdàgbàsókè tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé jáde ní 2006, nínú ọmọ 100 tí ara wọn le, 99 á ti dá jókòó nígbà tí wọ́n bá fi máa lé díẹ̀ ní oṣù 9, wọ́n á sì ti máa dá rìn kí wọ́n tó pé oṣù 18. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ oṣù 9 gan-an ló wá yẹ ká tẹ́ ẹní, ká gbé ọmọ jókòó, ká wò ó. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Wọ́n á tún bi ìyá bóyá ojú àti ara ọmọ pọ́n rúsúrúsú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bóyá káfúrà wà láàárín aṣọ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan kò gba káfúrà: ó máa ń fọ́ ọ, ojú á pọ́n, bí ìtọ́jú bá sì pẹ́, ó lè ba etí àti ọpọlọ jẹ́.

Bí wọ́n ṣe bi àwọn ìdílé léèrè ló wù wá kí àwọn tó ń gbèrò irú iṣẹ́ yìí ní Ọ̀yọ́ àti Ìsẹ́yìn wá wò. Kí wọ́n tó ra ohunkóhun ni wọ́n ti pè wọ́n. Ìyá ọmọ lọ́tọ̀, ìyá àgbà lọ́tọ̀, kò ju ènìyàn mẹ́jọ lọ lẹ́ẹ̀kan. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí ìyàwó ilé kò ní lanu sọ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀ pé bí ìyá ṣe ń fún ọmọ lóúnjẹ kò tẹ́ òun lọ́rùn. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń fún wọn lówó ọkọ̀, kì í ṣe ìgbà tí ìpàdé bá parí, kí ẹni tó bá fẹ́ tètè lọ má baà pàdánù tirẹ̀. Wọn kò sì béèrè pé “Ṣé iṣẹ́ wa tẹ́ yín lọ́rùn?” Bí ẹ bá béèrè bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ yìí, “Ẹ ṣé, a dúpẹ́, Olúwa á máa ràn yín lọ́wọ́” ni gbogbo ènìyàn máa dáhùn, ẹ ò sì ní rí nǹkan kan mú nínú rẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n pín fún wọn. Kí oníkálukú ròyìn ọjọ́ ọmọ láti àárọ̀ títí di alẹ́, kó sì fi òkúta sí ibi tó ti ń nira. Orí ìwẹ̀, oúnjẹ àti pípọ̀n ni òkúta pọ̀ sí. Ibẹ̀ náà ni wọ́n wá kó ìdárayá ọmọ sí, dípò kí wọ́n ní kí ìyá tó ń lọ sọ́jà wá wákàtí kan sọ́tọ̀.

Ẹ wo ìwẹ̀. Wọn kò ní kí ìyá àgbà má na ẹsẹ̀ ọmọ mọ́. Wọ́n ní kó rọra ṣe é: kí omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó di eékún mú, kó kọ́kọ́ ká a díẹ̀, kó wá ya itan méjèèjì kúrò lára ara wọn, kó ka ení, èjì títí dé ogún kó tó tú u sílẹ̀. Iṣan tó ti le, bí wọ́n bá já a fà, ṣe ló máa tún ran sí i. Jíju ọmọ sókè àti fífi apá kan gbé e ni wọ́n ní kí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀ pátápátá. Ní ti pípọ̀n, ó ń ya itan ọmọ dáadáa, wọ́n sì fẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀. Bí ọrùn kò bá tíì gbà, kí ọ̀já gòkè dé ẹ̀yìn orí.

Ti oúnjẹ le ju ìyẹn lọ, torí rírọ ọmọ lẹ́kọ lórí itan, tí orí rẹ̀ wà lẹ́yìn, ti mọ́ ọ̀pọ̀ lára. Wọn kò bá ìyá àgbà jà. Wọ́n ní kó gbé orí tirẹ̀ sẹ́yìn, kó gbìyànjú láti gbé itọ́ mì. Ó máa ń nira, ojú ẹsẹ̀ ló sì máa ń yé e. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣàlàyé pé ẹ̀kọ tó bá gba ọ̀nà òdì lọ sí ẹ̀dọ̀fóró ló ń fa ikọ́ àti òtútù àyà tí kì í lọ. Kí ọmọ jókòó gangan, kí àgbọ̀n wálẹ̀ díẹ̀, kí ògì ki tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní ṣàn kúrò nínú ṣíbí, kí wọ́n sì dúró kó gbé e mì kí òmíràn tó tẹ̀ lé e.

Àga ọmọ ni wọn kò gba ìmọ̀ràn lé lórí, òun ló sì burú jù. Káfíńtà ti kan gbogbo rẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà kí òbí kankan tó rí i. Ìjókòó rẹ̀ gùn jù, ìdí ọmọ á máa yọ̀ bọ̀ níwájú, ẹ̀yìn á tẹ̀, ẹsẹ̀ á máa rọ̀ dirodiro. Ara ọmọ kọ̀ọ̀kan ló yẹ kí wọ́n ti wọ̀n ọ́n: láti ẹ̀yìn ìdí dé kọ̀rọ̀ eékún, kí wọ́n yọ ìka méjì kúrò, láti ibẹ̀ dé gìgísẹ̀ ni gíga ìjókòó, pátákó iwájú á bá ìgúnpá dọ́gba. Páálí àti sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tó láti fi ṣe é, ẹ̀gẹ́ kò sì wọ́n wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kí ilà inú páálí kan dábùú èkejì, kí ìpele kọ̀ọ̀kan gbẹ nínú oòrùn kí wọ́n tó lẹ òmíràn mọ́ ọn, kí wọ́n sì kùn ún ní fáníṣì. Bí kò bá gbẹ, á bu. Bí kò bá ní fáníṣì, ìtọ̀ ọmọ á rà á.

Àwọn bàbá náà kò sí níbẹ̀. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni wọ́n pe ìpàdé wọn sí, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ wọn ni owó ilé ìwòsàn ńlá ti máa jáde. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ì bá sàn. Ìwé tí wọ́n fi ń ránni lọ síwájú náà kò kún tó: ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn LAUTECH àti ti Bowen wà nínú ìlú, àmọ́ ìwé náà kò sọ ẹ̀ka tí ìyá máa béèrè, ọjọ́ wo ni, tàbí èló ni kó mú dání. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń yí padà sílé.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ, abọ́ àti ṣíbí tí ẹ fi ń fún un lóúnjẹ, àti ọ̀já. Ẹni tó ń wẹ ọmọ lójoojúmọ́ ni kẹ́ ẹ mú lọ, ìbáà ṣe ìyá àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ tètè dé, torí aago mẹ́jọ ni wọ́n ń tẹ́ ẹní, èrò abẹ́rẹ́ á sì ti pọ̀ tó bá fi di mẹ́sàn-án.