Ọkọ̀ Alálẹ́ Gálà àti Ọkọ̀ Tí Kò Ní Gálà: Ìfiwéra Oúnjẹ àti Ìmúra fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Tíkẹ́ẹ̀tì

Ọ̀nà méjì ni àwọn ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ olówó ńlá pín sí tó bá di ọ̀rọ̀ oúnjẹ alẹ́. Ọ̀nà kìíní ni tàwọn tó ṣì ń ṣe alẹ́ Gálà, níbi tí ọkùnrin ti ń wọ kóòtù dúdú pẹ̀lú bótáì, tí obìnrin ń wọ gáùn tó ń wọ́ nílẹ̀. Ilé iṣẹ́ Cunard ni àgbà wọn, àwọn tó ni ọkọ̀ Queen Mary 2, Queen Victoria, Queen Elizabeth àti Queen Anne. Ọ̀nà kejì ni tàwọn tó ní àwọn ò fẹ́ wàhálà kóòtù mọ́. Ilé iṣẹ́ Viking àti Oceania wà níbẹ̀. Wọn kì í ṣe alẹ́ Gálà rárá.

Ẹni tí mo bá pàdé n'Íbàdàn níbí tó ń múra àtira tíkẹ́ẹ̀tì, iye owó àti bí yàrá ṣe tóbi tó ló kọ́kọ́ ń béèrè. Mi ò ní fi ìyẹn gba àkókò yín, ajẹ́ntì yín á sọ ọ́ títí á fi sú yín. Ohun tí kò ní sọ ni ohun tí ẹ máa wọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ, àti bóyá wọ́n á jẹ́ kí ẹ wọlé.

Aṣọ

Ọkọ̀ oríṣi kejì la kọ́kọ́ wọ̀. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, kì í sì í ṣe ọ̀kankan nínú àwọn tí mo kà sókè yẹn. Nínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa, wọ́n ní ká wọ ohun tó bá rọ̀ wá lọ́rùn, pé kóòtù kò pọn dandan. Bàbá àwọn ọmọ mi sì mú ohun tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn lóòótọ́: bùbá àti ṣòkòtò gíní tí télọ̀ wa ní Mọ́kọ́lá ṣe iṣẹ́ sí lọ́rùn, fìlà tó bá a mu, àti sálúbàtà aláwọ tí kò tíì wọ̀ rí. Ilé oúnjẹ ẹran sísun tí wọ́n ń gbowó rẹ̀ lọ́tọ̀ la fẹ́ lọ. A ti gba tábìlì sílẹ̀ ká tó kúrò nílé.

Ọmọkùnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kò rí wa fín. Ó ń kí wa dáadáa. Ṣùgbọ́n ó ní pébà kan lọ́wọ́ tó ń wò: ṣẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ní kọ́là, bàtà gbọ́dọ̀ bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, kò gbọdọ̀ sí fìlà lórí. Ó wo ọrùn bùbá, kò rí kọ́là. Ó wo ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ní kí bàbá ṣí fìlà. Bí a ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni òyìnbó kan dé pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì pólò tó ti wà lọ́rùn rẹ̀ láti àárọ̀, tí òógùn ti gbẹ sí i lẹ́yìn. Ó ní kọ́là, wọ́n sì ní kó máa wọlé. Ọkọ mi kò bá wọn jà. Ó kàn ní òun ò ní torí ẹran ṣí fìlà. A gba ibi bọ́fẹ́ lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, owó tábìlì tí a kò jókòó sí ti wà lára gbèsè wa, torí òfin wọn ni pé ẹni tó bá gba tábìlì tí kò sì jẹun níbẹ̀ máa san án. Àwọn ló ní ká má wọlé, àwọn náà ló tún gbowó àìwọlé wa. Mo lọ bá wọn ní káńtà, mo tún lọ. Wọn ò dá a padà títí a fi sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí dòní.

Àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn kò mọ iye tí gíní ń jẹ́, kò mọ iye ọjọ́ tí télọ̀ fi ṣe iṣẹ́ ọrùn rẹ̀. Ohun tó wà nínú pébà ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá bi mí pé kó má wo bí òfin aṣọ ṣe le tàbí bó ṣe dẹ̀, kó wo bóyá aṣọ tiwa wà nínú rẹ̀. Òfin Cunard le, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n nínú òfin alẹ́ Gálà wọn, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé aṣọ ìbílẹ̀ tí èèyàn fi ń lọ òde ńlá nílùú rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú kóòtù dúdú àti bótáì. Bí ará Scotland ṣe lè wọ kílíìtì rẹ̀ jókòó, bẹ́ẹ̀ náà ni alágbádá.

A wọ Queen Mary 2 láti Southampton lọ sí New York. Alẹ́ méje ni ìrìnàjò yẹn sábà máa ń gbà, alẹ́ Gálà méjì ló sì máa ń wà nínú rẹ̀. Agbádá ẹtù ni ọkọ mi wọ̀ lálẹ́ àkọ́kọ́. Agbáwo tó ń tọ́jú tábìlì wa fa àga rẹ̀ sẹ́yìn ju bó ṣe fa tàwọn yòókù lọ, ó dúró títí ọkọ mi fi ká apá agbádá sí èjìká tán, kó tó wá rọra ti àga náà wọlé. Kò sẹ́ni tó dárúkọ fìlà. Tọkọtaya tó jókòó tì wá tiẹ̀ ń béèrè bóyá ọwọ́ ni wọ́n fi hun aṣọ náà.

Nítorí náà, ẹ má lọ ra tuxedo, ìyẹn kóòtù dúdú tí wọ́n ń wọ̀ pẹ̀lú bótáì. Kò sí ilé tó ti ṣe ìgbéyàwó ọmọ n'Íbàdàn tí kò ní aṣọ òfì nínú àpótí. Cunard máa ń fún alẹ́ Gálà ní àwọ̀, bíi dúdú àti funfun, tàbí pupa àti wúrà. Kì í ṣe dandan láti tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ó dùn láti bá wọn ṣe é. Fún pupa àti wúrà, kí lẹ tún ń wá lẹ́yìn àlàárì? Fún dúdú àti funfun, léèsì funfun pẹ̀lú fìlà ẹtù ti tó. Tí ẹ bá fẹ́ ra tuntun, ẹ lọ sí Òjé fún aṣọ òfì, kí ẹ lọ sí Gbági fún léèsì àti gíní.

Àwọn nǹkan díẹ̀ wà tí a kì í sọ fúnni. Òfì wúwo, ọ̀pọ̀ bàálù kì í sì í gbà ju kílò 23 lọ fún báàgì kan, ẹ gbé agbádá òfì kan péré, kí ìyókù jẹ́ aṣọ fífúyẹ́. Wọn kì í gbà kí èèyàn gbé áyọ́ọ̀nù wọ yàrá lórí ọkọ̀ nítorí iná. Queen Mary 2 ní yàrá ìfọṣọ tí áyọ́ọ̀nù wà, wọn ò sì gbowó rẹ̀, àmọ́ àárọ̀ ni kí ẹ lọ lọ aṣọ Gálà yín, torí gbogbo èrò ọkọ̀ ló máa ń rọ́ lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹ má fi gíní fún ilé ìfọṣọ ọkọ̀, dídán rẹ̀ á lọ. Ẹ̀yin ìyá, ẹ we gèlè ńlá lọ sí ibi oúnjẹ, kò sóhun tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń ti ibẹ̀ lọ sí gbọ̀ngàn eré, ẹ jókòó sẹ́yìn pátápátá kí ẹ má dí ẹlòmíì lójú.

Ibi tí oríṣi kìíní kù sí ni pé ẹni tí kò bá fẹ́ múra lálẹ́ Gálà, ọkọ̀ náà á kéré mọ́ ọn lọ́wọ́. Lórí Queen Mary 2, á jẹun ní Kings Court, ìyẹn ibi bọ́fẹ́ wọn, tàbí ní Golden Lion, ìyẹn ilé ọtí wọn, kò sì ní lè jókòó sí púpọ̀ nínú àwọn yàrá ìgbafẹ́ yòókù. Tó bá jẹ́ pé ìwọ gan-an kórìíra aṣọ wíwọ̀, má bá ara rẹ jà.

Oúnjẹ

Tí a bá ní ká sọ òótọ́, oríṣi kejì ló lérè jù níbí, bí a bá fojú owó wò ó. Gbogbo ilé oúnjẹ orí ọkọ̀ òkun Viking wà nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì, títí kan Manfredi's tí wọ́n ti ń se oúnjẹ Ítálì. Wáìnì àti bíà sì wà nínú owó oúnjẹ ọ̀sán àti alẹ́. Lórí ọkọ̀ Marina àti Riviera ti Oceania, ẹ kò ní san kọ́bọ̀ lé e láti jẹun ní Jacques, Toscana, Polo Grill tàbí Red Ginger. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ gba tábìlì sílẹ̀, ẹni tó bá sì ra yàrá ńlá ló máa ń kọ́kọ́ yan ọjọ́ tó wù ú. Tí ẹ bá ra yàrá kékeré, ẹ tètè máa ṣọ́ ọjọ́ tí wọ́n máa ṣílẹ̀kùn fún tiyín.

Ní ti Cunard, yàrá tí ẹ bá rà ló ń sọ ibi tí ẹ máa jẹun. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ilé oúnjẹ Britannia gbà. Princess Grill àti Queens Grill wà fún àwọn tó ra súìtì, ìyẹn yàrá ńlá olówó gọbọi, kò sì sí owó tí ẹ lè san láti wọ ibẹ̀ fún alẹ́ kan ṣoṣo. Ilé oúnjẹ ẹran sísun tó wà lórí Queen Mary 2, The Verandah, ń gbowó lọ́tọ̀. Ní Britannia, ìjókòó méjì ló sábà máa ń wà, aago mẹ́fà àti aago mẹ́jọ ààbọ̀. Ẹni tí dókítà ti ní kó má jẹun pẹ́ lálẹ́, kó mú aago mẹ́fà. Ẹni tó máa we gèlè, kó mú mẹ́jọ ààbọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ aago mẹ́rin ni yóò ti dúró níwájú dígí.

Àmàlà kò sí lórí ọ̀kankan nínú wọn, gbẹ̀gìrì kò sí, ẹ gbé ọkàn kúrò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ata ló wá jẹ́ kí n fẹ́ràn tábìlì kan náà lójoojúmọ́. Lórí ọkọ̀ tí èèyàn ti ń jókòó síbi tó bá rí, alaalẹ́ ni mo ń ṣàlàyé fún agbáwo tuntun pé ata tí mo ní lọ́kàn kì í ṣe ti inú ìgò dúdú tí wọ́n ń lọ̀ sórí oúnjẹ yẹn. Ní Britannia, agbáwo kan náà ló ń gbé oúnjẹ wá fún wa. Kò pẹ́ tí kò fi dúró de ìbéèrè mọ́: bí a ṣe ń jókòó ló ń gbé àwo kékeré kan kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ọ̀tún mi, ata tútù tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́, pẹ̀lú òróró díẹ̀ lórí. Ó mọ̀ pé ọkọ mi kì í jẹ ẹran tí ẹ̀jẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Ó mọ̀ pé oúnjẹ tí wọ́n ń bù sáàárín abọ́ ńlá yẹn kò lè yó wa, ó sì ń gbé méjì wá. Wọn kì í gbowó ìkejì.

Ẹni tó bá wá yan Oceania, kó tètè gba Red Ginger sílẹ̀. Oúnjẹ Éṣíà ni wọ́n ń sè níbẹ̀, ibẹ̀ ni ẹnu wa ti máa rí nǹkan tó ta.

Èyí tó kù, ní ṣókí

Ọmọdé: Viking kì í gba ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, Cunard ń gbà wọ́n. Físà: Southampton sí New York nílò ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà, méjèèjì kí ẹ tó kúrò nílé, òkun Mẹditaréníà nílò Schengen, ìyẹn físà kan tó gba ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, kó sì jẹ́ èyí tó gba ìwọlé léraléra tí ọkọ̀ bá máa jáde kúrò nínú àwọn orílẹ̀-èdè Schengen tún padà wọ̀ ọ́. Owó: dọ́là ni Cunard fi ń ka gbèsè orí ọkọ̀, ẹ mú káàdì àpò dọ́là dání. Owó àwọn òṣìṣẹ́: Cunard ń fi í kún gbèsè yín lójoojúmọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ta ni kó ra èwo?

Ẹni tó fẹ́ jẹun káàkiri láìsan àfikún owó, tó fẹ́ràn ṣẹ́ẹ̀tì ju agbádá lọ, tí kò sì fẹ́ gbé ju báàgì kan lọ, Viking tàbí Oceania dára fún un, inú rẹ̀ á dùn. Tọkọtaya tó ti lé ní àádọ́ta, tí aṣọ òde wọn ń sùn nínú àpótí, tí wọ́n sì fẹ́ kí agbáwo mọ̀ wọ́n lórúkọ, kí wọ́n wo Cunard dáadáa kí wọ́n tó wo ẹlòmíì. Èmi àti ọkọ mi ti ń wá ọjọ́ tí a óò tún lọ.

Oríṣi yòówù tí ẹ bá fẹ́ rà, kí ẹ tó san owó àsansílẹ̀, ẹ kọ ímeèlì sí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀, kì í ṣe ajẹ́ntì. Ẹ bi wọ́n bóyá bùbá tí kò ní kọ́là, fìlà àti gèlè lè wọ gbogbo ilé oúnjẹ wọn lálẹ́, kí ẹ sì fi fọ́tò aṣọ náà mọ́ ọn kó lè yé wọn. Ẹ tẹ èsì wọn sórí pébà, kí ẹ mú un dání lọ. Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí wọn ò fèsì, ẹ lọ ra ti ẹlòmíì.