Ẹ ṣọ́ra o! Kálísíọ́ọ̀mù ọlọ́dà ni wọ́n fi pe láìmù fún mi ní Àkúrẹ́

Ẹ̀yin ará Oǹdó àti Àkúrẹ́ tẹ́ ẹ ń tún ilé bíríkì àtijọ́ ṣe, ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, àmọ́ inú tó ń bí mi ju ìtìjú lọ.

Ilé bàbá bàbá mi ní Òkè-Lísà, ní Oǹdó, ni. Owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ ọ, bíríkì sísun látòkèdélẹ̀, 1938 ṣì wà lára ògiri lókè ilẹ̀kùn. Àárín bíríkì ti jẹ dé ibi tí aláǹgbá ń gbà wọlé. Lẹ́yìnkùlé, ẹnìkan ti fi sìmẹ́ńtì dí i nígbà kan rí. Sìmẹ́ńtì le ju bíríkì ayé ìgbà yẹn lọ, kì í jẹ́ kí omi tó wọnú ògiri ráyè jáde, ni ojú bíríkì wá ń ṣí bí èèpo ẹ̀pà. Láìmù, ìyẹn ìyẹ̀fun òkúta tí wọ́n ti sun níná, ni wọ́n fi mọ ọ́n, láìmù náà ló yẹ kí n fi dí i. Ẹ má rò pé mi ò wádìí o.

Nítòsí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ ni mo ti rí ọkùnrin yìí. Mo mú àfọ́kù ohun tí wọ́n fi mọ ilé náà dání, kò ju ẹyọ obì kan lọ. Ó fi àtàǹpàkò rún un, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀ o! Ó ní, "Ọ̀gá mi, a máa mú un bára mu, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ẹ tún un ṣe." Ogún àpò, ₦11,000 ẹyọ kan. Ó wá fi ìyẹ̀fun pupa inú náílọ́ọ̀nù kan ṣe ènì, ó ní ká máa bù ú sí i kí àwọ̀ lè jọra. ₦220,000! Orúkọ tó jáde lórí fóònù mi nígbà tí mo fẹ́ sanwó kì í ṣe orúkọ ẹ̀, ó ní ìyàwó òun ni. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi rán ẹnu àpò yẹn, kì í ṣe ẹ̀rọ. Mo rí i, mo dákẹ́.

Bàbá bíríkìlà kìlọ̀ fún mi. Wọ́n bu ìyẹ̀fun náà, wọ́n fi ra ọwọ́, wọ́n ní, "Ọmọ mi, láìmù tá a lò nígbà tá a wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ máa ń ta ni lọ́wọ́. Èyí tutù bí àtíkè." Mo dá wọn lóhùn pé sìmẹ́ńtì nìkan ni wọ́n mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ forí jì mí.

Ọjọ́ mẹ́fà la fi yọ èyí tó ti kú, tá a sì dí i. Mo ra ògbólógbòó àpò kòkó, mo ń rẹ ẹ́ sómi, mo ń ta á bo ògiri láàárọ̀ lálẹ́ bí ẹni ń tọ́jú ọmọ tuntun, torí láìmù kì í fẹ́ oòrùn, díẹ̀díẹ̀ ló ń le bó ṣe ń gba atẹ́gùn sára. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Mo fi èékánná kàn án, ó bọ́. Mo ní bóyá kò tíì tó àkókò. Lọ́jọ́ Àìkú, mo ká àpò kúrò, òjò sì dé nírọ̀lẹ́. Omi pupa ń ṣàn lára ògiri dé ìpìlẹ̀ bí ẹni pé wọ́n pa màlúù sórí òrùlé. Lọ́jọ́ kejì, aláǹgbá ti padà sínú ihò ẹ̀.

Owó bíríkìlà, ₦90,000. Ọkọ̀, ₦15,000. Owó tí gbogbo ọmọ bàbá mi dá ni! Àbúrò mi obìnrin gbé fọ́tò ògiri náà sí WhatsApp ẹbí, ó kọ "Injiníà wa" sábẹ́ ẹ̀. Mi ò tíì fèsì.

Mo pe ọkùnrin náà, ó ní a ò pò ó dáadáa ni. Látìgbà náà kò gbé ìpè mi mọ́. Mo wá fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé ìyẹ̀fun yẹn lórí, ó hó ṣùṣù bí bíà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Kálísíọ́ọ̀mù tí àwọn tó ń po ọ̀dà ń lò! Òkúta lílọ̀ lásán tí wọn ò sun níná, kò lè le láéláé. Ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ omi mọ́ fún mi ní láìmù gidi ife kan, mo fún ọsàn sí i, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ hó. Ọsàn wẹ́wẹ́ ẹyọ kan péré ni ì bá gbà mí!

Kí n tó gbàgbé: ẹ fún ọsàn tàbí fínígà sí i kẹ́ ẹ tó sanwó. Tó bá hó gan-an, ẹ fi sílẹ̀. Láìmù tó ti pẹ́ nínú àpò yíya náà máa hó, kò wúlò mọ́. Láìmù gidi fúyẹ́, ó ń jó ara, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo ojú yín. Láìmù 1 sí yanrìn 3 ni wọ́n sábà máa ń pò. Ní ti àwọ̀, ẹ rún àfọ́kù àtijọ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú fínígà fún ọjọ́ kan sí méjì. Láìmù á yọ́, yanrìn á kù nísàlẹ̀, irú yanrìn yẹn ni kẹ́ ẹ wá. Yanrìn pupa pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ ló kù nísàlẹ̀ ife tèmi. Kò sí ìyẹ̀fun ọ̀gbẹ́ni kankan ńbẹ̀.

Mi ò sọ pé gbogbo ọlọ́jà ni olè. Àbí kí n kúkú sọ ọ́? Irin tí wọ́n ní ó jẹ́ mílí 12, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ rí i. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ìwọ náà, ẹ̀ẹ̀melòó lo ti ra láìmù rí?

Àpò mẹ́sàn-án ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni tó bá ń po ọ̀dà, kó wá gbé e lẹ́dìnwó. Èmi ò ní pè é ní láìmù fún un.